ÌGBÀ ÌDAJÌ: ÒṢÙWỌ̀N TÍ A FI Ń MỌ ỌJỌ́ ORÍ ÀPÁTA ÀTI EEGUN ÀTIJỌ́

Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Bí ọ̀rọ̀ bá kan ọjọ́ orí, kò sí ohun tí ó ní àkísà tó àpáta. Ẹni tí ó bá ti Ìṣẹ́yìn gba ọ̀nà Ìpàpó yóò rí i pé ilẹ̀ ọ̀dàn ni ó ń rìn nínú rẹ̀, àti pé òkúta ńláńlá ni ó yọrí láàárín oko àti pápá ní ilẹ̀ Òkè-Ògùn. Bí a bá bi àgbà ìlú léèrè ìgbà tí a tẹ ìlú rẹ̀ dó, yóò ka ọba, yóò ka ogun, yóò ka ìyàn àti ìṣílọ. Ọ̀nà kan náà ni Samuel Johnson gbà nígbà tí ó kọ ìtàn àwọn Yorùbá, ìwé tí ó parí ní 1897 tí a sì tẹ̀ jáde ní 1921. Ṣùgbọ́n bí a bá bi àgbà kan náà léèrè ọjọ́ orí àpáta tí ó wà lẹ́yìn ìlú, èsì kan ṣoṣo ni yóò fọ̀: “Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe bá a.” Kò purọ́. Kò sí ìran ènìyàn kan tí ó ṣojú ìbí àpáta.

Síbẹ̀, àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ ń sọ pé púpọ̀ nínú àwọn àpáta líle tí ó yọrí ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà ti wà láti nǹkan bí 600 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, àti pé àwọn mìíràn dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Ọ̀kan nínú àwọn ohun tí wọ́n fi wọn ọjọ́ orí wọ̀nyí ni rùbídíọ̀mù, èyí tí wọ́n sọ pé ìdajì rẹ̀ ń gba bílíọ̀nù 49.6 ọdún kí ó tó yí padà di ohun mìíràn. Bílíọ̀nù kan sì ni ẹgbẹ̀rún mílíọ̀nù. Ilé ayé fúnra rẹ̀ kò ju nǹkan bí bílíọ̀nù 4.5 ọdún lọ. Ta ni ó wá dúró títí di ìgbà tí rùbídíọ̀mù kù sí ìdajì? Bí kò bá sí ẹni tí ó dúró, báwo ni a ṣe mọ iye ọdún náà? Ìbéèrè yìí ni kókó ìjíròrò yìí, nítorí pé orí èsì rẹ̀ ni púpọ̀ nínú ọjọ́ orí tí a fi ń kọ́ àwọn ọmọ wa nílé ìwé dúró lé.

KÍ NI ÌGBÀ ÌDAJÌ?

Gbogbo ohun tí a lè fọwọ́ kàn ni a fi átọ́ọ̀mù ṣe. Púpọ̀ nínú átọ́ọ̀mù kì í yí padà, ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí inú wọn kò dúró sójú kan. Láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn wọ́n, wọn a túká, wọn a ta ìtànṣán jáde, wọn a sì di ohun mìíràn. Henri Becquerel ni ó kọ́kọ́ kíyè sí irú ìtànṣán bẹ́ẹ̀ lára yùréníọ̀mù ní ìlú Paris ní 1896. Láti ìgbà náà ni a ti mọ̀ pé yùréníọ̀mù a máa di òjé níkẹyìn, rùbídíọ̀mù-87 a di sítíróńtíọ̀mù, kábọ́ọ̀nù-14 a sì di náítírójìn. Nọ́ńbà tí a so mọ́ orúkọ wọ̀nyí ń fi ẹ̀yà hàn. Ohun kan náà lè ní ẹ̀yà púpọ̀ tí ìwúwo wọn yàtọ̀ síra, gẹ́gẹ́ bí ọmọ ìyá ṣe lè jọ máa jẹ́ orúkọ ìdílé kan kí wọ́n má sì wúwo bákan náà.

Kò sí ẹni tí ó lè sọ ìgbà tí átọ́ọ̀mù kan pàtó yóò túká. Ó lè jẹ́ òní, ó lè jẹ́ ẹgbẹ̀rún ọdún sí i. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pọ̀, ìṣe wọn á wá ní ìlànà. Ká sọ pé àgbẹ̀ kan kó 1,000 iṣu pamọ́, tí ìdajì ohun tí ó kù sì ń bàjẹ́ lóṣooṣù. Lẹ́yìn oṣù kan, 500 ni yóò kù. Lẹ́yìn oṣù kejì, 250. Lẹ́yìn oṣù kẹta, 125. Oṣù kan ni ìgbà ìdajì irú iṣu bẹ́ẹ̀. Ìyàtọ̀ kan wà tí a gbọ́dọ̀ tọ́ka sí. Iṣu tí ó ti pẹ́ nílẹ̀ a máa yá tètè jẹrà ju iṣu tuntun lọ, ṣùgbọ́n átọ́ọ̀mù kì í gbó. Èyí tí ó ti wà láti ìgbà ìwáṣẹ̀ àti èyí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lánàá, bákan náà ni ewu wọn rí. Nítorí náà ni ìgbà ìdajì ohun kọ̀ọ̀kan kì í fi í yẹ̀, tí a sì fi lè lò ó gẹ́gẹ́ bí òṣùwọ̀n.

OHUN TÍ A KÒ LÈ DÚRÓ DÈ

Nígbà tí ìwádìí yìí bẹ̀rẹ̀, ohun tí kì í pẹ́ ni a kọ́kọ́ wọ̀n. Ní 1900, Ernest Rutherford, tí ó ń kọ́ni ní Yunifásítì McGill ní Montreal, ní ilẹ̀ Kánádà, kọ̀wé nípa afẹ́fẹ́ kan tí ń jáde láti ara tóríọ̀mù. Agbára afẹ́fẹ́ náà a máa dín sí ìdajì ní nǹkan bí ìṣẹ́jú kan. Èyí kò le. Olùwádìí lè jókòó ti ẹ̀rọ rẹ̀, kí ó máa wo aago. Ṣùgbọ́n rédíọ̀mù, tí Marie àti Pierre Curie ṣàwárí ní 1898, kò fi àmì kankan hàn pé ó ń dín kù. Ẹni tí yóò dúró de ìdajì rẹ̀ kò tíì jáde nínú ọmọ ènìyàn.

Ọgbọ́n tí wọ́n dá kò ju ọgbọ́n oníbodè lọ. Ní ayé àtijọ́, oníbodè a máa jókòó sí ẹnu odi ìlú, a sì mọ iye èrò tí ń wọlé àti iye tí ń jáde. Ká sọ pé ìlú kan ní 10,000 ènìyàn, pé kò sí ẹni tí ń wọlé síbẹ̀, tí oníbodè sì ka 100 tí ó jáde láìpadà láàárín ọdún kan. Ó ti hàn gbangba pé ẹnì kan nínú ọgọ́rùn-ún ni ó ń lọ lọ́dún. Bí ó bá ń bá a lọ bẹ́ẹ̀, tí ó jẹ́ pé ẹnì kan nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ó kù ni yóò máa lọ lọ́dọọdún, ìṣirò yóò fi hàn pé ìlú náà yóò kù sí ìdajì ní nǹkan bí 69 ọdún. Oníbodè kò ní láti jókòó síbẹ̀ fún 69 ọdún náà. Ọdún kan péré ti tó, bí ó bá ṣe pé ó mọ ohun méjì: iye ènìyàn tí ó wà nínú ìlú, àti iye tí ń jáde.

Ohun méjì yìí náà ni olùwádìí ń wá lára átọ́ọ̀mù. Ó ń fi òṣùwọ̀n ìwúwo mọ iye tí ó wà, ó sì ń fi ẹ̀rọ ka iye tí ń túká. Gíráàmù kan péré nínú rùbídíọ̀mù-87 ní átọ́ọ̀mù tí iye rẹ̀ sún mọ́ 7 tí a to òdo 21 tẹ̀lé. Nínú ọ̀pọ̀ wọ̀nyí, nǹkan bí 3,000 ni ó ń túká ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Bí a bá fi ìkejì pín èkínní, tí a sì ṣe ìṣirò tí ó yẹ, èsì rẹ̀ ni ohun tí ó sún mọ́ bílíọ̀nù 50 ọdún. Pípọ̀ tí átọ́ọ̀mù pọ̀ ni ó mú kí ohun tí ó lọ́ra tó báyìí ṣeé kà ní ọ̀sán kan.

Ní 1908, Rutherford, tí ó ti kúrò ní Kánádà lọ sí Manchester, àti Hans Geiger ṣe ẹ̀rọ tí ó lè ka ìtànṣán ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Wọ́n rí i pé gíráàmù rédíọ̀mù kan ń ta nǹkan bí bílíọ̀nù 34 ẹyọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Láti inú èyí ni wọ́n ti ṣírò ìgbà ìdajì rédíọ̀mù sí 1,760 ọdún. Lónìí a mọ̀ pé bílíọ̀nù 36.6 ni iye náà, àti pé ìgbà ìdajì rédíọ̀mù jẹ́ 1,600 ọdún. Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí ìtumọ̀ èyí. Bí àwọn tí oníbodè kà bá dín, yóò rò pé ìlú yóò pẹ́ ju bí ó ti yẹ lọ. Àṣìṣe nínú kíkà ni ó ń di àṣìṣe nínú ọdún.

RÙBÍDÍỌ̀MÙ ÀTI ÀPÁTA ILẸ̀ WA

Nínú gbogbo ohun tí a fi ń wọn ọjọ́ orí àpáta, yùréníọ̀mù ni kíkà rẹ̀ rọrùn jù. Ìtànṣán rẹ̀ lágbára, a sì lè tẹ́ yùréníọ̀mù tí a fọ̀ mọ́ sílẹ̀ ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kí ohunkóhun má baà fara pamọ́. Ní 1971, Arthur Jaffey àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwádìí Argonne, nítòsí Chicago, tẹ èsì iṣẹ́ wọn jáde: bílíọ̀nù 4.468 ọdún fún yùréníọ̀mù-238, àti nǹkan bí 704 mílíọ̀nù ọdún fún yùréníọ̀mù-235. Òṣùwọ̀n wọ̀nyí ni gbogbo ayé ṣì ń lò.

Rùbídíọ̀mù kò rí bẹ́ẹ̀. Láti 1906 ni Campbell àti Wood ti rí i ní Cambridge pé ó ń ta ìtànṣán, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ohun tí ó ń ta kò lágbára. Àwọn kan kì í lè jáde kúrò nínú ohun tí wọ́n wà nínú rẹ̀ rárá, gẹ́gẹ́ bí èrò tí ó bá ọ̀nà ẹ̀bùrú lọ tí oníbodè kò rí. Nítorí náà ni onírúurú ilé ìwádìí fi ń mú onírúurú iye jáde. Àwọn kan ń lo bílíọ̀nù 47, àwọn mìíràn ń lo ohun tí ó sún mọ́ bílíọ̀nù 50.

Ọ̀nà mìíràn ni láti má ṣe ka àwọn tí ń jáde rárá, bí kò ṣe láti lọ ka wọn ní ibi tí wọ́n dé sí. A ó fọ rùbídíọ̀mù mọ́ títí sítíróńtíọ̀mù kò fi ní sí nínú rẹ̀, a ó dé e pa, a ó fi í sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, lẹ́yìn náà ni a ó wá sítíróńtíọ̀mù tuntun tí ó ti hù níbẹ̀. Sùúrù ńlá ni iṣẹ́ yìí ń gbà. Kílógíráàmù kan rùbídíọ̀mù lásán, bí a bá tọ́jú rẹ̀ fún 20 ọdún gbáko, sítíróńtíọ̀mù tí yóò mú jáde kò tó ìdá kan nínú mílíọ̀nù 10 gíráàmù kan. Síbẹ̀, àwọn olùwádìí kan ní ilẹ̀ Kánádà ṣe é. Lẹ́yìn ìdúró tí ó sún mọ́ 20 ọdún, wọ́n tẹ èsì wọn jáde ní 1977: nǹkan bí bílíọ̀nù 49 ọdún. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ọ̀nà kẹta ni láti wá àpáta tí yùréníọ̀mù ti sọ ọjọ́ orí rẹ̀, kí a wá wo ohun tí rùbídíọ̀mù inú àpáta kan náà ń wí.

Báwo ni èyí ṣe kan ilẹ̀ Yorùbá? Ní 1970, N. K. Grant tẹ iṣẹ́ kan jáde nípa àwọn àpáta Ìbàdàn, nínú èyí tí ó lo rùbídíọ̀mù àti sítíróńtíọ̀mù. Ó rí i pé ọjọ́ orí àpáta abẹ́ ìlú náà lé ní 2,000 mílíọ̀nù ọdún. Iṣẹ́ irú èyí ni ó fi hàn pé ìpìlẹ̀ ilẹ̀ wa ti là ju ìgbà kan lọ nínú iná, àti pé nǹkan bí 600 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn ni ìgbóná ńlá ìkẹyìn, èyí tí ó bí púpọ̀ nínú àwọn òkè olókùúta wa.

Ẹ wá wo ohun tí òṣùwọ̀n lè ṣe. Ká mú òkúta kan ní Òkè-Ògùn, kí a sọ pé ẹni tí ó lo bílíọ̀nù 49.9 gẹ́gẹ́ bí ìgbà ìdajì rùbídíọ̀mù rí 600 mílíọ̀nù ọdún. Òkúta kan náà yóò jẹ́ 567 mílíọ̀nù lọ́wọ́ ẹni tí ó lo ohun tí ó lé díẹ̀ ní bílíọ̀nù 47. Ní 1976, àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ láti gbogbo àgbáyé pàdé ní Sydney, ní ilẹ̀ Ọsirélíà, wọ́n sì fẹnu kò sí bílíọ̀nù 48.8 kí gbogbo ilé ìwádìí lè máa sọ èdè kan náà. Òkúta wa wá di 587 mílíọ̀nù. Ní 2015, ìgbìmọ̀ àgbáyé tún dábàá bílíọ̀nù 49.61, pẹ̀lú àlàfo àṣìṣe tí kò ju bílíọ̀nù 0.16 lọ sókè tàbí sísàlẹ̀. Òkúta náà tún gòkè padà sí 597 mílíọ̀nù.

Ní gbogbo àkókò yìí, òkúta kò yẹ̀ kúrò níbi tí ó wà. Sítíróńtíọ̀mù inú rẹ̀ kò pọ̀ sí i, kò dín. Kóńgò tí a fi wọ̀n ọ́n ni ó yàtọ̀. Ẹni tí ó bá ń ra gaàrí lọ́jà mọ̀ pé kò tó kí oníṣòwò sọ iye kóńgò tí ó wọ̀n. Ó yẹ kí a mọ bí kóńgò náà ti tóbi tó. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọjọ́ orí àpáta. Iye ọdún tí kò bá sọ ìgbà ìdajì tí a fi ṣírò rẹ̀, ìdajì ọ̀rọ̀ ni.

ǸJẸ́ ÒṢÙWỌ̀N YÌÍ TI YÍ PADÀ RÍ?

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ronú yóò béèrè pé: bí oníbodè bá tilẹ̀ ka iye tí ń jáde lónìí láìṣìṣe, ta ni ó lè jẹ́rìí pé bákan náà ni wọ́n ṣe ń jáde nígbà tí ayé wà ní ọ̀dọ́? Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni, ilẹ̀ Áfíríkà sì ni ọ̀kan nínú ẹ̀rí tí ó lágbára jù lọ ti wá.

Ní 1972, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Faransé ṣàkíyèsí pé yùréníọ̀mù tí a wà ní Oklo, ní orílẹ̀-èdè Gàbọ́ọ̀nù, kò pé. Nínú yùréníọ̀mù níbi gbogbo láyé, nǹkan bí 7.2 nínú 1,000 ni ẹ̀yà 235 máa ń jẹ́. Ti Oklo dín sí i, ní àwọn ibì kan ó sì fi púpọ̀ dín, ó sún mọ́ 4.4 nínú 1,000. Ìwádìí fi hàn pé ní nǹkan bí bílíọ̀nù 2 ọdún sẹ́yìn, ilẹ̀ náà fúnra rẹ̀ ti jó yùréníọ̀mù gẹ́gẹ́ bí àwọn ẹ̀rọ apèsè iná mànàmáná òde òní ṣe ń jó o. Omi tí ó ń ṣàn nínú ilẹ̀ ni ó ràn án lọ́wọ́. Irú èyí kò lè ṣẹlẹ̀ lónìí, nítorí ẹ̀yà 235 ti kéré jù. Ṣùgbọ́n ẹ̀yà 235 a máa tètè tán ju 238 lọ. Bí a bá fi ìgbà ìdajì méjèèjì ṣe ìṣirò padà sẹ́yìn, a ó rí i pé nígbà náà nǹkan bí 37 nínú 1,000 ni ẹ̀yà 235 jẹ́, èyí sì tó láti gbé iná. Láti 1956 ni Paul Kuroda ti fi ìṣirò sọ pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lè ti ṣẹlẹ̀. Eérú iná àtijọ́ náà, ìyẹn àwọn ohun tí yùréníọ̀mù fi sílẹ̀ nígbà tí ó jó, bá ohun tí a mọ̀ lónìí mu. Òfin tí átọ́ọ̀mù ń tẹ̀lé lónìí náà ni ó tẹ̀lé nígbà náà.

KÁBỌ́Ọ̀NÙ ÀTI EEGUN IHÒ ELÉÉRÚ

Rùbídíọ̀mù àti yùréníọ̀mù dára fún àpáta, ṣùgbọ́n wọ́n lọ́ra jù fún ìtàn ọmọ ènìyàn. Kábọ́ọ̀nù-14 ni ti ènìyàn, nítorí inú afẹ́fẹ́ ni igi ti ń gbà á, inú oúnjẹ ni ènìyàn àti ẹran ti ń gbà á, gbígbà náà a sì dáwọ́ dúró lọ́jọ́ ikú. Martin Kamen àti Sam Ruben ni wọ́n ṣàwárí rẹ̀ ní California ní 1940. Ní 1949, Willard Libby àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Chicago fi hàn pé a lè fi í mọ ọjọ́ orí, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel nítorí iṣẹ́ náà ní 1960.

Libby kó èsì kíkà onírúurú ilé ìwádìí jọ, ó sì mú 5,568 ọdún gẹ́gẹ́ bí ìgbà ìdajì kábọ́ọ̀nù-14. Nígbà tí ó di 1962, ní ìpàdé kan ní Cambridge, kíkà tuntun ti fi hàn pé 5,730 ni ó sún mọ́ òtítọ́ jù. Ohun tí àwọn onímọ̀ ṣe yẹ kí gbogbo olùkọ́ ìtàn mọ̀. Wọ́n gbà pé iye tuntun dára jù, síbẹ̀ wọ́n pinnu pé 5,568 ni gbogbo ilé ìwádìí yóò máa fi tẹ èsì jáde. Wọ́n bẹ̀rù pé bí kóńgò méjì bá wà lọ́jà, ìdàrúdàpọ̀ yóò dé. Wọ́n tún fẹnu kò pé 1950 ni “òní” tí a ó máa ti ibẹ̀ kà sẹ́yìn.

Ní 1965, Thurstan Shaw láti Yunifásítì Ìbàdàn àti S. G. H. Daniels wa ilẹ̀ ní Ihò Eléérú, tí ìwé àwọn onímọ̀ ń pè ní Iwo Eleru, nítòsí Ìsàrun ní ìpínlẹ̀ Oǹdó ti òde òní. Wọ́n rí eegun ènìyàn níbẹ̀, èédú tí ó wà nítòsí rẹ̀ sì fi 11,200 ọdún hàn. Iye yìí ni ó wà nínú ọ̀pọ̀ ìwé, òṣùwọ̀n 5,568 ni a sì fi ṣírò rẹ̀. Bí a bá fi 5,730 ṣírò èédú kan náà, yóò di nǹkan bí 11,500. Lẹ́yìn náà, a ti wá mọ̀ láti inú òrùka ara igi àti àwọn ẹ̀rí mìíràn pé kábọ́ọ̀nù-14 inú afẹ́fẹ́ kò pọ̀ bákan náà ní gbogbo ìgbà. Bí a bá ṣe àtúnṣe nítorí èyí pẹ̀lú, ó di nǹkan bí 13,000 ọdún. Ní 2011, Katerina Harvati àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àyẹ̀wò mìíràn jáde, èyí tí a fi yùréníọ̀mù àti tóríọ̀mù ṣe lára eegun náà gan-an. Ìgbà ìdajì tóríọ̀mù-230 tí a lò níbẹ̀ lé ní 75,000 ọdún. Èsì rẹ̀ bọ́ sáàárín 11,700 àti 16,300 ọdún. Ẹlẹ́rìí méjì tí wọn kò jọ gbé ilé kan náà wá jẹ́rìí sí ọ̀rọ̀ kan.

Ní ìhà Òkè-Ògùn náà, a ti wa ilẹ̀ ní Ọ̀yọ́-Ilé. Frank Willett ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ní àwọn ọdún 1950, Robert Soper àti Babatunde Agbaje-Williams sì tẹ̀ lé e lẹ́yìn 1970. Ibẹ̀ ni ìtàn ẹnu àti ìmọ̀ yìí ti nílò ara wọn jù. Ìtàn ẹnu ní orúkọ ọba ṣùgbọ́n kò ní ọdún. Èédú ní ọdún ṣùgbọ́n kò ní orúkọ. Ẹni tí ó bá gbé ọ̀kan jù nù yóò fi ẹsẹ̀ kan rìn.

TA NI Ó NI KÓŃGÒ?

Ohun kan wà tí ó yẹ kí a rò jinlẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, òkè òkun ni a ń fi èédú àti òkúta ilẹ̀ Áfíríkà ránṣẹ́ sí kí a tó lè mọ ọjọ́ orí wọn. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó kọ́kọ́ fẹ́ yí èyí padà ni Cheikh Anta Diop, ọmọ ilẹ̀ Sẹ̀nẹ̀gà, tí a bí ní 1923 tí ó sì kú ní 1986. Ó dá ilé ìwádìí kábọ́ọ̀nù-14 sílẹ̀ ní Dakar ní àwọn ọdún 1960, ní ilé ẹ̀kọ́ gíga tí a mọ̀ sí IFAN. Onítàn ni, ó sì mọ ẹ̀kọ́ átọ́ọ̀mù. Ní 1975, ó tẹ iṣẹ́ kan jáde láti fi hàn pé a lè fi èdè Wolof ṣàlàyé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì tí ó jinlẹ̀ jù lọ. Lójú rẹ̀, ilé ìwádìí àti èdè ìbílẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ méjì: bí a kò bá lè sọ ìmọ̀ kan ní èdè wa, ìmọ̀ náà kò tíì fìdí kalẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Irú èrò bẹ́ẹ̀ ni Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ fi ìṣe hàn láti 1970, nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò fún ọdún mẹ́fà gbáko.

Ẹni tí ó mọ kóńgò ni ó lè ná ọjà. Nígbà tí Shaw gbé ọjọ́ orí àwọn idẹ Igbo-Ukwu jáde, mẹ́rin nínú èsì kábọ́ọ̀nù-14 márùn-ún tí ó gbé e lé tọ́ka sí nǹkan bí ọ̀rúndún kẹsàn-án, ọ̀kan sì tọ́ka sí ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún. Ní 1973, Babatunde Lawal kọ̀wé láti béèrè bóyá ó tọ́ kí a gba mẹ́rin kí a sì fi ọ̀kan sílẹ̀. Shaw fún un lésì ní 1975. Ohun tí ó ṣe pàtàkì fún akẹ́kọ̀ọ́ ni pé ọmọ Nàìjíríà kan lè yẹ iye tí ó ti ilé ìwádìí òkè òkun dé wò, kí ó sì béèrè ìdí rẹ̀. Kò gbà á bí ẹni gba àṣẹ, kò sì kọ̀ ọ́ bí ẹni kọ irọ́.

IṢẸ́ OLÙKỌ́

Olùkọ́ ní Ìpàpó tàbí ní Ṣakí kò nílò ẹ̀rọ olówó gọbọi láti fi èyí han àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀. Kí ó kó 100 ìdérí ìgò jọ, kí ó dà wọ́n sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ó sì yọ gbogbo èyí tí ó dojú dé. Kí ó tún da èyí tí ó kù, kí ó tún yọ, kí àwọn ọmọ sì máa kọ iye tí ó kù sílẹ̀. Wọn yóò rí i pé kò sí ẹni tí ó lè sọ ìdérí tí yóò dojú dé, síbẹ̀ iye tí ó kù ń dín kù ní ìlànà tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má yẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ó fún wọn ní iye tí ó kù nìkan, kí wọ́n sọ iye ìgbà tí a ti dà wọ́n. Ọmọ tí ó bá lè ṣe èyí ti mọ bí a ṣe ń mọ ọjọ́ orí àpáta.

Ní àkótán, kò sí ẹni tí ó dúró fún bílíọ̀nù 49 ọdún. Wíwọ̀n àti kíkà ni a fi mọ̀ ọ́n, àwọn tí ó ṣe é sì ń sọ bí àṣìṣe wọn ti lè pọ̀ tó. Pé 5,568 di 5,730, tàbí pé 48.8 di 49.6, kò sọ àwọn tí ó kọ́kọ́ kà di òpùrọ́; ó fi hàn pé a kò dẹ́kun kíkà. Nítorí náà, nígbàkigbà tí olùkọ́ bá kọ ọjọ́ orí ohun àtijọ́ kan sójú pátákó, ohun mẹ́ta ni kí ó kọ pọ̀: iye ọdún, àlàfo àṣìṣe, àti òṣùwọ̀n tí a lò. Àgbà tí ó ní “bẹ́ẹ̀ ni a ṣe bá a” sọ òtítọ́ tí ojú rẹ̀ rí. Ojúṣe ẹni tí ó ka ìwé ni láti fi ohun tí a kà lára òkúta kún un, ní èdè tí àgbà náà yóò gbọ́.